Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Kan Ọ̀dà: Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé Lórí Katakata Kékeré Àtijọ́

Láti oṣù méjì sẹ́yìn tí a ti kọ̀wé lójú ewé yìí nípa katakata kékeré, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gé koríko àgbàlá tí wọ́n sì fi ń tú ilẹ̀ ọgbà ẹ̀fọ́ láyé ọjọ́un, lẹ́tà kò yé dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀yọ́, àti láti àwọn abúlé tó wà láàárín méjèèjì. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwa tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ń jẹ lọ́kàn pọ̀ tó báyìí. Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà nìyí. Lórí èyí àkọ́kọ́ ni n ó ti pẹ́ jù, nítorí pé mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ wo ẹ̀rọ tó ń sọ.

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi, tí wọ́n ti re ìwàlẹ̀ àsà, fi katakata kékeré kan sílẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa nítòsí Ọjà Wàásò. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ni wọ́n ti rà á nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yẹ́lò àti funfun ni àwọ̀ rẹ̀, sílíńdà kan ṣoṣo ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, ó sì ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí ẹnikẹ́ni ti tan án gbẹ̀yìn. Ọkùnrin kan tó ń ra irin àjákù ti wá díye lé e lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi ní kí a tà á, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ kùn ún kí n gbé e síwájú ilé fún ìrántí bàbá wa, mo tilẹ̀ ti ra gálọ́ọ̀nù ọ̀dà méjì. Mo so bátìrì mọ́ ọn, ó kàn dún “kẹ́” ni, kò yí. Kí ni kí n ṣe? — Ajogún, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ kú ìrántí Bàbá, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé gálọ́ọ̀nù méjèèjì yẹn wọ yàrá, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àsìkò wọn kò tíì tó. Katakata tí a bá kùn kí ó tó lè dá rìn ti di ère, ohun tí Bàbá yín sì fi owó wọn rà kì í ṣe ère.

Nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé yín ní ọjọ́ Sátidé, adìyẹ kan ló ń sàba lábẹ́ ìjókòó ẹ̀rọ náà, kò sì fẹ́ kí n sún mọ́ ibẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo fi àkísà tí mo rẹ sínú kẹrosíìnì nu páànù tó bo fáànù ẹ́ńjìnnì, àwo kékeré kan sì yọjú lábẹ́ ẹrẹ̀: Kohler K161. Kohler ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà, agbára ẹṣin méje sì ni K161 ní. Àwọ̀ yẹn àti ẹ́ńjìnnì yẹn mú kí n fura sí Cub Cadet, tí ilé-iṣẹ́ International Harvester ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1961, ni mo bá dojú bolẹ̀, mo yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Nínú irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, bẹ́líìtì ló ń gbé agbára láti ara ẹ́ńjìnnì lọ sí ibi jíà. Láti ọdún 1963 ni wọ́n ti fi irin gbọọrọ kan rọ́pò bẹ́líìtì náà. Irin gbọọrọ ni mo bá níbẹ̀. Ẹ̀rọ Bàbá yín kò lè dàgbà ju ọdún 1963 lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó dàgbà ju ẹ̀yin tí ẹ jogún rẹ̀ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà bo àwo kékeré yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ṣí i kúrò. Orúkọ ẹ́ńjìnnì wà lára rẹ̀, nọ́ńbà irú ẹ̀yà tí wọ́n ṣe é ní wà níbẹ̀, nọ́ńbà tirẹ̀ gan-an sì tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá ta ríǹgì písítìn tàbí gáskẹ́ẹ̀tì fún yín, yálà ní Amẹ́ríkà ni tàbí níbikíbi, àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ bi yín. Mo ti rí katakata tí olówó rẹ̀ ná owó gọbọi lé lórí, tí ẹni tó kùn ún sì ti fi ẹ̀rọ ìhanrin ha nọ́ńbà rẹ̀ dànù kí ọ̀dà lè jọ̀lọ̀. Láti ọjọ́ náà, àfiwò lásán ni wọ́n fi ń wá ẹ̀yà ara fún un.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ẹ́ńjìnnì tó kọ̀ tí kò yí. Kò tíì kú. Ìpẹtà ló so ríǹgì písítìn pọ̀ mọ́ ògiri sílíńdà. Nígbà tí mo tú plọ́ọ̀gì tí mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò rẹ̀, pupa ni ibẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ yangí. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ti kọ́ yàrá mẹ́rin sí ẹnu ihò èéfín, ó sì ti kọ́ méjì mìíràn sí ẹnu kábúrétọ̀. Lábẹ́ páànù fáànù, eku ti kó háríhá àgbàdo jọ, ó sì ti jẹ ara wáyà kọ́ìlì títí bàbà inú rẹ̀ fi hàn síta. Kò sí èyí tó jẹ́ tuntun lójú mi. Bí katakata tí a pa tì ṣe máa ń rí nìyẹn lágbègbè wa.

Ẹ yọ bátìrì kúrò, ẹ má sì tún fi sítátà dán an wò. Ohun tí ẹ ń pè ní sítátà yẹn, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: òun ló ń yí ẹ́ńjìnnì kí ó tó jí, òun náà ló sì ń rọ iná padà sínú bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fi tipátipá jó o, ohun méjì lẹ pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ra ọ́ìlì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ATF, ẹ wá asẹtóònù lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún èékánná ṣe, kí ẹ pò wọ́n pọ̀ ní ìlàjì-ìlàjì, jìnnà sí iná, kí ẹ sì da bí ife kékeré kan sí inú ihò plọ́ọ̀gì. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di fláíwíìlì, àgbá irin wíwúwo tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, mú, kí ẹ yí i síwájú díẹ̀, kí ẹ yí i sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí ó bá kọ̀, ẹ da òmíràn, kí ẹ tún dúró. Sùúrù yín lẹ ó lò jù níbi iṣẹ́ yìí.

Bí ó bá wọ ọ̀sẹ̀ kẹta tí kò sì gbà, ẹ tú orí ẹ́ńjìnnì. Nínú irú Kohler yìí, ẹ̀gbẹ́ sílíńdà ni àwọn fáàfù wà, wọn kò sí lókè, nítorí náà orí rẹ̀ kò ju irin pẹrẹsẹ kan tí bọ́ọ̀tù dè mọ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi igi líle lé orí písítìn, kí ẹ máa fi òòlù kan igi náà jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹnìkejì ń yí fláíwíìlì. Igi ni mo wí o. Èmi náà ti fi òòlù kan písítìn ní tààrà rí nígbà tí ara ń gbóná. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo sì fi wá òmíràn.

Tí ó bá ti yí, ẹ wo ògiri sílíńdà. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ ní ihò-ihò, iṣẹ́ tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, dé. Kohler ṣe písítìn tó fi ìdá mẹ́wàá, ogún tàbí ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì tóbi ju ti àtilẹ̀wá lọ, kí a lè gbẹ́ sílíńdà láti bá a mu. Ẹ ra písítìn ná, kí ẹ gbé e fún tọ́nà, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó tó gbẹ́ ohunkóhun. Ẹni tó bá gbẹ́ sílíńdà kí ó tó rí písítìn dà bí ẹni tó gé aṣọ kí ó tó wọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.

Ti iná kò le. Lábẹ́ ìdérí kékeré kan lára ẹ́ńjìnnì náà lẹ ó ti rí pọ́ìǹtì, ojú irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé kí plọ́ọ̀gì lè ta iná, ó rí bí ti àwọn mọ́tò àtijọ́. Ẹ fi pépà ìha tó kúnná jù nu ojú rẹ̀, kí ẹ sì tún àlàfo rẹ̀ ṣe sí 0.020 ínǹṣì, èyí tó jẹ́ ìdajì mìlímítà. Ẹ pààrọ̀ kọńdẹ́ńsà àti wáyà tí eku jẹ. Bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni kí ẹ lò. Ti ọ̀kadà kò lágbára tó láti yí i. Tí ríwáyà bá tún wáyà rẹ̀ ṣe tán, ẹ bi í bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń jí jẹnẹrétọ̀ irú èyí, ìyẹn sítátà oníṣẹ́ méjì yẹn, nítorí pé bí kò bá kọ́kọ́ fi wáyà kan bátìrì àti ojú iná jẹnẹrétọ̀ pọ̀ lára régúlétọ̀, ohun tó ń darí iná tó ń wọ bátìrì, fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè má rọ iná sínú bátìrì rárá. Àwọn ọmọdé òde òní kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ èyí. Àgbà ríwáyà tó bá ti ṣiṣẹ́ lórí Volkswagen Ìjàpá yóò rẹ́rìn-ín tí ẹ bá bi í.

Kí ẹ tó tan án, ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, kí ẹ rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì SAE 30 sí i. Ẹ tú kábúrétọ̀ pátápátá, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi atẹ́gùn fẹ́ gbogbo ihò rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tò ó padà, ẹ de abẹ́rẹ́ epo ńlá títí yóò fi kanlẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ wá tú u padà ní bí ìyípo méjì. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Etí yín ni yóò sọ ìyókù fún yín.

Ọ̀dà ló kù. Ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ ẹ̀rọ náà ná, nítorí pé lábẹ́ ìjókòó, níbi tí oòrùn kò dé, mo rí yẹ́lò àtilẹ̀wá tó ṣì ń dán. Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, n kò ní kùn ún rárá. N ó nu ú, n ó fi ọ́ìlì pa á lára, n ó sì jẹ́ kí ojú ọjọ́ orí rẹ̀ hàn. Bí ẹ bá tilẹ̀ taku pé ẹ ó kùn ún, ẹ má ha ọ̀dà àtijọ́ yẹn ní gbígbẹ, nítorí pé òjé máa ń wà nínú ọ̀dà ayé ìgbà yẹn, eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọdé gbọ́dọ̀ fà símú. Omi ni kí ẹ fi ha á, kí ẹ sì lé àwọn ọmọ àti adìyẹ jìnnà.

Ní ti ọkùnrin onírin àjákù, orí òṣùwọ̀n ló ti ń ra ọjà. Kò sí ibi tí a ń kọ ìrántí sí lórí òṣùwọ̀n. (Kí a tó gbé ìwé yìí lọ fún títẹ̀, Ajogún pè wá lórí fóònù pé fláíwíìlì ti yí ní ìwọ̀n ìka méjì, àti pé àbúrò òun ló ń da ATF sí i láràárọ̀ báyìí.)

Ẹ̀gbọ́n, táyà iwájú katakata kékeré mi ti jẹrà. Fọ́kánáísà àdúgbò wa ní ti kẹ̀kẹ́ Márúwá lè wọ̀ ọ́. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ jẹ owó mi? — Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ olóòótọ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà àtijọ́ náà. Bí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn bá jẹ́ 8, ínǹṣì mẹ́jọ ni ìbú òbìrìkìtì ríìmù yín, 4.00-8 ti Márúwá yóò sì jókòó lé e. Ohun tí ẹ óò pàdánù ni ìlà gíga tó máa ń yí àárín táyà iwájú katakata po, èyí tó ń jẹ́ kí ó yà nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀. Lórí koríko, ẹ kò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ má fẹ́ ẹ le tó ti kẹ̀kẹ́ tó ń gbé èrò.

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ní katakata kékeré alágbára ẹṣin mẹ́wàá tí mo tún ṣe fúnra mi, ó sì ń jí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé e lọ sí oko mi lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn láti fi kọ ebè iṣu, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí lójú kan, ẹ́ńjìnnì sì gbóná débi pé ó kú. Àwọn ará oko fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní katakata ìjọba kò ṣe báyìí. Kí ni àṣìṣe mi? — Àgbẹ̀ Alákatakata, Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ lẹ mọ ẹṣin ju wa lọ, ẹ sì mọ̀ pé ẹṣin mẹ́wàá tí a kà lórí ìwé kì í fa bí ẹṣin mẹ́wàá tó jẹ oúnjẹ yó. Katakata ìjọba tí àwọn ará oko yín ń sọ, irú èyí tí àwọn àgbàlagbà rántí láti ayé àwọn oko tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959, bí ti Ìlọrà, kì í ṣe ẹgbẹ́ tiyín. Ẹ wo Massey Ferguson 135, tó jáde ní ọdún 1964: sílíńdà mẹ́ta ni dísẹ́lì Perkins inú rẹ̀ ní, agbára rẹ̀ sì ju ogójì ẹṣin lọ. Tiyín, ẹni tó ṣe é rò nípa àgbàlá ilé, koríko, yìnyín tí a ń wà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àti ọgbà ẹ̀fọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ ti rọ̀. Kò ro ti ilẹ̀ yangí. Kò sì gbọ́ nípa iṣu rí.

Nítorí náà, ẹ fi ebè sílẹ̀ fún ọkọ́. Ẹ háyà katakata ńlá láti kọ́kọ́ tú ilẹ̀ náà lẹ́yìn òjò kejì tàbí ẹ̀kẹta, kí tiyín wá máa fa aporo fún ẹ̀fọ́, ata àti àgbàdo. Jíà àkọ́kọ́ ni kí ẹ lò, kí irin ìtúlẹ̀ má wọlẹ̀ ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ti ẹsẹ̀ tó ń yí lójú kan, ìwọ̀n ló kéré. Ẹ rọ omi sínú táyà ẹ̀yìn: ẹ yí i títí ẹnu fáàfù rẹ̀ yóò fi wà lókè pátápátá, kí ẹ rọ omi títí yóò fi dé ẹnu ibẹ̀, kí ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ lé e. Ní ìlú òtútù, wọ́n máa ń fi iyọ̀ kan tí à ń pè ní calcium chloride sínú omi náà kí ó má baà di yìnyín, iyọ̀ yẹn sì máa ń jẹ ríìmù láti inú wá. Ọyẹ́ tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, omi kànga ti tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ní kí fọ́kánáísà bọ́ táyà náà, kí ẹ wo inú ríìmù kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ti gbígbóná ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́kàn jù. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì yín lára, kò ní omi. Ẹ tú páànù fáànù, ẹ ó rí àwọn abẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lára sílíńdà. Tí koríko àti eruku bá dí àárín wọn, ẹ́ńjìnnì yóò máa se ara rẹ̀ jinná. Ní àkókò ọyẹ́, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni èmi ń fọ ti èmi, mo sì ń gbọn àlẹ̀mọ́ atẹ́gùn kábúrétọ̀ lójoojúmọ́ tí mo bá lò ó.

Ọ̀gá Olóòtú, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bára wa jà. Mo ní katakata kékeré Wheel Horse pupa kan tí ẹ́ńjìnnì Kohler rẹ̀ ti ṣẹ́ irin inú. Mo fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì Ṣáínà tuntun sí i kí n lè máa lò ó. Ọ̀rẹ́ mi ní ìbàjẹ́ ni, pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ẹni tó ń kó ohun àtijọ́ jọ. Ẹlòmíràn tún ní kí n gbé ẹ́ńjìnnì Lister tó wà nídìí ẹ̀rọ gàrí bàbá mi sí i. Ẹ bá wa dá sí i. — Ìsọkùn, Ọ̀yọ́.

Ti Lister kò gba àròyé. Lister 6/1 ń yí bí ìgbà 650 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kohler yín lè yí dé 3,600. Katakata náà yóò máa rìn bí ìgbín, ìyẹn bí kò bá tíì tẹ̀ lábẹ́ ìwúwo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Lister máa lọ gàrí rẹ̀ lọ. Àwọn kan wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ṣìkẹ́ irú rẹ̀ bí ẹyin.

Ní ti ẹ́ńjìnnì Ṣáínà, mo gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́ yín ní ìlàjì. Wheel Horse, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní South Bend, ìpínlẹ̀ Indiana, ní ọdún 1946, kì í ṣe ohun tí à ń rí lójoojúmọ́ ní Ìsọkùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò lọ sí ibìkan náà máa ń bàjẹ́ ní ìdúró. Ìlànà mi nìyí: ẹ lè fi ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i bí wẹ́dà kò bá ní gé ohunkóhun lára férémù, bí ihò tuntun tí ẹ máa lu kò bá ju mẹ́rin lọ, àti bí ẹ óò bá tọ́jú ti àtijọ́. Ẹ wọn ọ̀pá tó jáde lára ẹ́ńjìnnì tuntun náà kí ẹ tó sanwó. Ìbú tí ọ̀pá àtijọ́ ní lẹ ń wá, kí púlì àtijọ́ lè wọ̀ ọ́; ínǹṣì kan ló sábà máa ń jẹ́ lára Kohler kékeré. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 25 súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun, yóò sì máa mì títí yóò fi jẹ ojú ihò púlì. Ẹ wo ọwọ́ tí ó ń yí sí pẹ̀lú. Mo mọ ẹnìkan tí kò wò ó, tí katakata rẹ̀ sì ń fi jíà iwájú rìn sẹ́yìn.

Ẹ fi gírísì kun inú Kohler àtijọ́ náà láti ojú plọ́ọ̀gì, ẹ fi àkísà dí gbogbo ihò rẹ̀ nítorí agbọ́n, ẹ kó àwọn bọ́ọ̀tù rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, kí ẹ so agolo náà mọ́ ọn lọ́rùn, kí ẹ wá gbé gbogbo rẹ̀ sórí pákó nínú yàrá. Ọ̀rẹ́ yín tó pè é ní ìbàjẹ́, ẹ ní kí ó wá bá yín gbé e. Irin dídà ni wọ́n fi ṣe Kohler náà, kò ṣeé dá gbé.